Reluwé Ti Dé, Ọkọ̀ Oníná Ń Bọ̀: Kí Ni Ti Òṣìṣẹ́ Níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó

  

Ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní kí a sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Apá méjì ni ẹ̀ka wa pín sí lórí rẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní fáktírì ń sọ pé reluwé ìjọba ti gba àwọn là lọ́wọ́ gosiló, kí ẹgbẹ́ kọ̀wé dúpẹ́. Àwọn awakọ̀ wa ń sọ pé reluwé ti gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn, ọkọ̀ oníná sì ń bọ̀ wá gba èyí tó kù, kí ẹgbẹ́ kọ̀wé takò ó. Bí ẹ̀ka kan bá kọ ìwé méjì tó takora, ẹ̀rín ni àwọn ọ̀gá yóò fi wá rín. Nítorí náà, a fẹ́ kí a jọ wo ọ̀rọ̀ náà láti ìdí rẹ̀: kí ni ìjọba ti ṣe, kí ni kò tíì ṣe, ta ni yóò jèrè, ta ni yóò pàdánù, kí sì ni àwa òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ béèrè kí ilẹ̀ tó ṣú.

OHUN TÍ OJÚ ÈKÓ TI RÍ

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àsìkò yìí ni reluwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Ẹrékùṣù Èkó. Ní 1901 ni wọ́n parí afárá Carter. Ní 1902 ni ìjọba àwọn òyìnbó gbé reluwé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní tíráàmù gba orí afárá náà, láti Ìdó wọ Ẹrékùṣù, tó sì ń lọ sí ọ̀nà Marina. Èéfín ló fi ń rìn. Èrò ń wọ̀ ọ́, ẹrù sì ń wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kò ju nǹkan bí ọdún méjìlá lọ tí wọ́n fi dáwọ́ kíkó èrò dúró. Iṣẹ́ tó kù fún ojú irin yẹn títí di 1933 ni kíkó ìgbẹ́ ìlú lọ dànù. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ gba ojú irin wọ Ìsàlẹ̀ Èkó, Ìdó ni yóò ti sọ̀ kalẹ̀, kó wá wá ọkọ̀ mìíràn.

Ní ọdún 1983, nígbà tí Alhaji Lateef Jakande jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò reluwé tuntun tí wọ́n pè ní Metroline. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ológun gba ìjọba. Ní 1985, ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari fagi lé ètò náà. Owó tí Èkó ti san fún àwọn agbaṣẹ́ṣe, àti owó àdéhùn tí wọ́n já, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là ló bọ́ sómi. A kò rí ojú irin, bẹ́ẹ̀ ni a kò rí owó. Ohun tí àwa rí ni mólùè, tí ènìyàn ń so rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bí àdán.

Ẹ wo bí ayé ṣe ń yí. Ní ọjọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 2023, Buhari kan náà, tó ti di ààrẹ alágbádá, ló wá sí Marina wá ṣí reluwé Blue Line. Láti 1985 sí 2023 jẹ́ ọdún méjìdínlógójì. Ọmọ tí a bí ní ọdún tí wọ́n pa Metroline ti di bàbá tàbí ìyá ọmọ kí reluwé tó dé.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn ọkọ̀ funfun tó ń sáré lórí Red Line wa, ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe wọ́n fún. Gómìnà tuntun wọlé níbẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò 2010, ó sì ní òun kò ṣe reluwé tí ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú òun fẹ́ ṣe. Ọkọ̀ wà nílẹ̀, kò rí ojú irin tí yóò gùn. Ní 2022 ni Èkó lọ rà wọ́n. Ìlú kan fi ìbínú ìṣèlú jù ú nù, ìlú mìíràn he é.

Ẹ̀kọ́ wo ni èyí kọ́ wa? Ó kọ́ wa pé ìgbà tí iṣẹ́ ìlú bá wà lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú nìkan, ẹni tó bá dé lè wó ohun tí ẹni àná kọ́. Ìgbà tí òṣìṣẹ́ àti ará ìlú bá mọ iṣẹ́ náà ní tiwọn, wọn kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wó o láìdáhùn.

OHUN TÍ ÌJỌBA TI ṢE

A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́. Iṣẹ́ ti ṣe. Blue Line tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà Gómìnà Babatunde Fashola, ní nǹkan bíi 2009 sí 2010, ti ń kó èrò láti ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ìpín àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 13, ó sì ní ibùdó márùn-ún láti Mile 2 dé Marina. Ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì ló ń fà á. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni wọ́n yí i sí iná mànàmáná. Ìpín kejì rẹ̀ ni èyí tí yóò lọ láti Mile 2 dé Okokomaiko, kìlómítà 14.

Red Line ní tirẹ̀, Ààrẹ Bola Tinubu ló ṣí i ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2024, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ìpín àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 27, láti Agbado dé Ọ̀yìngbò, ibùdó mẹ́jọ. Dísẹ̀lì ni èyí ń lò, kì í ṣe iná.

Ẹ̀yin tó ń ti Agbado tàbí Ìjú wá sí ibi iṣẹ́ mọ ohun tí èyí jẹ́. Òṣìṣẹ́ tó ń jí ní aago mẹ́rin òwúrọ̀, tó ń fi wákàtí mẹ́ta jókòó sínú danfo, tó wá dé ẹnu ẹ̀rọ pẹ̀lú ojú oorun, ẹ̀rọ lè gé ìka rẹ̀. Wákàtí méjì tí reluwé bá dá padà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí ni. Ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin awakọ̀ tó bá ní kí ẹgbẹ́ takò ó, kó kọ́kọ́ wo ojú ẹni yẹn kó tó sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará fáktírì, ẹ gbọ́ ti awakọ̀ náà. Ẹni tó ń na ọ̀nà Mile 2 sí CMS láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó ń san owó ọkọ̀ fún olówó ọkọ̀ ní ojoojúmọ́ kó tó mú ti ara rẹ̀, kì í ṣe ọ̀tá yín. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Owó epo fò sókè, owó ọkọ̀ fò sókè, èrò sì dín kù. Kó tó mí sí i, reluwé dé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òun náà ní ọmọ nílé ìwé.

ÒFIN TÍ WỌ́N YÍ PADÀ

Ẹ fi etí sí ibi yìí dáadáa, nítorí àwọn tó ń kà ìwé ìròyìn pàápàá kò fiyè sí i tó.

Láti ayébáyé, ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ìwé òfin ilẹ̀ wa fún ní àṣẹ lórí reluwé, òfin 1955 sì fi í sí ọwọ́ Nigerian Railway Corporation. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, wọ́n yí ìwé òfin náà padà. Reluwé ti kúrò nínú ohun tó jẹ́ ti Àbújá nìkan, ó ti di ohun tí ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ lè jọ ṣòfin lé lórí. Nínú oṣù kan náà ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Òfin Iná tuntun jáde, Ìpínlẹ̀ Èkó sì fọwọ́ sí òfin iná tirẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2024.

Kí ni èyí túmọ̀ sí fún wa? Ó túmọ̀ sí pé ìpínlẹ̀ lè fún ilé-iṣẹ́ aládàáni láṣẹ láti tọ́jú ojú irin, láti wa ọkọ̀, láti ta tíkẹ́ẹ̀tì, láti ta iná. Ó lè dára, ó sì lè burú. Ibi tó ti lè burú ni pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó ní owó ìfẹ̀yìntì yóò kúrò níbẹ̀, agbaṣẹ́ṣe yóò wọlé pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tí kò ní ìwé àdéhùn, tí wọ́n lè lé lọ lọ́jọ́kọ́jọ́. Àwa tí a wà ní fáktírì mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bí a ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ wa.

Ẹ rántí pé àwọn òṣìṣẹ́ reluwé ló kọ́ òṣìṣẹ́ ilẹ̀ yìí ní ohun tí ìṣọ̀kan jẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, Michael Imoudu, ààrẹ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ reluwé, wà lára àwọn tó ṣíwájú ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò nítorí ọ̀wọ́n ọjà tí ogun àgbáyé fà. Ọjọ́ 44 ni wọ́n fi dúró. Bí ọmọ ọmọ àwọn ènìyàn yẹn bá wá di òṣìṣẹ́ ojúmọ́ lórí ojú irin tí owó orí wa kọ́, kí ni a ó sọ fún wọn?

BÍ ỌKỌ̀ ONÍNÁ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ oníná. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní, "Ìlú tí kò ní iná fún gílóòbù, níbo ni yóò ti rí iná fún bọ́ọ̀sì?" Ìbéèrè yẹn dára, ṣùgbọ́n kò tó.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, Ilé Aṣòfin Àgbà ju àbá òfin kan nù tí Sẹ́nétọ̀ Ben Murray-Bruce gbé wá, pé kí a máa fi ọkọ̀ oníná rọ́pò ọkọ̀ elépo. Àwọn kan nínú wọn rò pé epo ni oúnjẹ Nàìjíríà, èéṣe tí a ó fi gbé ọ̀tá oúnjẹ wa wọlé. Ní 2025, irú àbá bẹ́ẹ̀ tún padà dé iwájú ilé kan náà. Láàárín ìgbà méjèèjì, nǹkan ti ń lọ. Ní 2021, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ mọ́tò, NADDC, kọ́ ibùdó tí wọ́n ti ń fi oòrùn ṣáàjì ọkọ̀ sí Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Ṣókótó, ó sì kọ́ irú rẹ̀ sí Yunifásítì Èkó ní Akọkà. Ní 2023, Oando Clean Energy pẹ̀lú LAMATA, àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ìrìnnà, gbé bọ́ọ̀sì oníná méjì wá láti fi dán an wò.

Ẹ wo àwọn aládùúgbò wa. Ní Kútọnu àti ní Lomé, àwọn ọlọ́kadà ti ń gun alùpùpù oníná ti ilé-iṣẹ́ Spiro. Wọn kì í dúró kí bátìrì kún. Bó bá tán, wọn a yà sí ibùdó, wọn a yọ èyí tó ti tán, wọn a gba èyí tó kún, wọn a máa lọ. Ní Dákà, olú-ìlú Senegal, bọ́ọ̀sì oníná tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ọ̀nà tiwọn ní 2024. Ará dúdú bíi tiwa ni wọ́n, ìjọba tí kò lówó bíi ti Òyìnbó ni tiwọn náà. Nítorí náà, kí a má ṣe sùn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn wá. Bọ́ọ̀sì ńlá oníná a máa jẹ iná tó yúnìtì kan sí kan ààbọ̀ fún kìlómítà kan. Ká mú un ní 1.2. Bó bá sáré kìlómítà 150 lójúmọ́, yóò jẹ yúnìtì 180. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti nǹkan bíi náírà 68 sí náírà 225 fún yúnìtì kan. Ká fi iye yẹn ṣe é: yúnìtì 180 yóò jẹ́ náírà 40,500. Bọ́ọ̀sì dísẹ̀lì tó tó bẹ́ẹ̀ yóò mu nǹkan bíi lítà 50 fún ìrìn kan náà. Bí lítà kan bá jẹ́ náírà 1,000, náírà 50,000 nìyẹn. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ náírà 9,500 lójúmọ́. Bí bọ́ọ̀sì bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù, ó di náírà 247,000.

Ìbéèrè wa nìyí: àpò ta ni owó yẹn yóò wọ̀? Ọkọ̀ oníná wọ́n ju ọkọ̀ dísẹ̀lì lọ nígbà tí a bá fẹ́ rà á, òótọ́ ni, olówó ọkọ̀ yóò sì kọ́kọ́ fẹ́ gba owó rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn èyí ńkọ́? Ṣé owó ọkọ̀ èrò yóò wálẹ̀? Ṣé owó oṣù awakọ̀ yóò lọ sókè? Bí a kò bá béèrè nísinsìnyí, kò sí ẹni tí yóò rántí wa nígbà tí wọ́n bá ń pín in.

Ẹ jẹ́ ká wo ti ṣáàjì náà. Bí a bá fẹ́ fi yúnìtì 180 sínú bátìrì láàárín wákàtí mẹ́fà òru, iná tí a nílò jẹ́ kílówáàtì 30. Kẹ́tù tí a fi ń se omi tíì jẹ́ nǹkan bíi kílówáàtì méjì. Bọ́ọ̀sì kan yóò wá dà bí ìgbà tí a tan kẹ́tù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sílẹ̀ láti aago mọ́kànlá alẹ́ títí di aago márùn-ún ìdájí. Bọ́ọ̀sì mẹ́wàá jẹ́ àádọ́jọ kẹ́tù. Ẹ wá ronú kan tírànsífọ́mà wa ní àdúgbò Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí ilé ti fara kan ilé, tí okùn iná kọjá lórí ara wọn bí àwọ̀n ẹja. Gíríìdì orílẹ̀-èdè pàápàá, ẹ̀ẹ̀mélòó ló dá kú ní 2024? Ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi kà á mọ́. Bó bá sì jẹ́ jẹnẹrétọ̀ dísẹ̀lì ni a ó máa fi ṣáàjì ọkọ̀ oníná, a kò tíì ṣe nǹkan kan. Èéfín kúrò nídìí ọkọ̀, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé wa.

Nítorí náà, kì í ṣe inú àgbàlá onílé ni ìjọba yóò ti ní kí a máa ṣáàjì. Ibùdó ńlá ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́, ní gáréèjì àti ní etí ọ̀sà bí Ẹ̀bùtẹ̀ Èrò, pẹ̀lú tírànsífọ́mà tirẹ̀, pẹ̀lú ohun èlò ìpaná àti ènìyàn tó mọ̀ ọ́n lò. Nítorí òfin tuntun tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Àbújá nìkan mọ́. Alausa gbọ́dọ̀ dá wa lóhùn.

IṢẸ́ TA NI YÓÒ LỌ?

Ẹ́ńjìnnì tí ẹ mọ̀ ní písítìn, fáàfù, púlọ́ọ̀gì, kíláàṣì, sàìlẹ́ńsà, àti ọ́ìlì tí a gbọ́dọ̀ máa yí. Mọ́tò iná kò ní ìkankan nínú wọn. Ọ̀pá tó ń yí láàárín wáyà kópà ni pàtàkì iṣẹ́ rẹ̀. Bíréèkì rẹ̀ pàápàá a máa pẹ́, nítorí bí awakọ̀ bá fẹ́ dẹwọ́ eré, mọ́tò náà a yí padà di jẹnẹrétọ̀, a sì dá iná díẹ̀ padà sínú bátìrì.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì àti ẹ̀yin tó ń ta ọ́ìlì ni ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ bá wí. Ẹ̀yin fọganáísà, tiyín kò lọ. Bátìrì wúwo, táyà ọkọ̀ oníná sì máa ń tètè jẹ. Ẹ̀yin rewáyà, tiyín ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bí ẹ bá kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra gidigidi. Bátìrì ọkọ̀ tí ẹ mọ̀ jẹ́ fóòtì 12, ẹ lè fi ọwọ́ òfìfo dì í mú. Ti ọkọ̀ oníná lè tó fóòtì 400 sí 800. Irin kẹta tó ń gbé iná fún Blue Line, 750 fóòtì ló gbé. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án kò ní rí ẹ̀ẹ̀kejì. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gba iṣẹ́ ọkọ̀ oníná láìkọ́ ọ, kó má sì jẹ́ kí ọmọṣẹ́ rẹ̀ kékeré gbé spánà sí i.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí kò mọ sí iná. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2023, reluwé kọlu bọ́ọ̀sì tó kó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó níbi tí títì ti gba orí ojú irin kọjá ní ọ̀nà Ìkẹjà. Ènìyàn mẹ́fà kú, ọ̀pọ̀ fara pa. Òṣìṣẹ́ tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní òwúrọ̀ ni wọ́n. Àwọn afárá tí wọ́n kọ́ sórí ọ̀nà Red Line dára, ṣùgbọ́n níbi tí afárá kò bá sí, ọ̀pá ìdábùú àti ènìyàn tó ń ṣọ́ ọ gbọ́dọ̀ wà.

Àpẹẹrẹ méjì wà tí a fẹ́ kí ẹ fi wé ara wọn. Èkíní, ní oṣù kẹta ọdún 2008 nígbà tí BRT bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 wọ Ẹrékùṣù, àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ NURTW kò kàn dúró kí wọ́n máa sọ òkò. Wọ́n jókòó pẹ̀lú ìjọba, wọ́n kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wa bọ́ọ̀sì náà. Kò rọrùn, kò sì dúró bẹ́ẹ̀ títí láé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn wọlé. Èkejì, ní ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ọdún 2022, ìjọba kéde pé kò ní sí ọ̀kadà mọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, tí Ẹrékùṣù Èkó wà nínú wọn. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni òfin mú. Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Àwọn ọlọ́kadà kò ní ẹnu kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, oúnjẹ wọn sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n ó gbà. Ọ̀kan nínú ọ̀nà méjèèjì yìí ni àwa náà yóò tọ̀. Kò sí ẹ̀kẹta.

OHUN TÍ A Ó BÉÈRÈ

Ìwé kan ṣoṣo ni ẹ̀ka wa yóò kọ, kì í ṣe méjì. Kò ní jẹ́ ìwé ọpẹ́, kò ní jẹ́ ìwé ọ̀tẹ̀. Ìwé ẹ̀tọ́ ni yóò jẹ́. Ohun tí a gbé ka iwájú yín láti fọwọ́ sí nìyí:

Èkíní: kí aṣojú òṣìṣẹ́ ìrìnnà àti ti fáktírì wà níbi tí LAMATA bá ti ń jíròrò kí wọ́n tó yí ọ̀nà ọkọ̀ padà tàbí kí wọ́n tó ti gáréèjì kan. Ẹni tí a fẹ́ fá lórí kì í wà lẹ́yìn odi.

Èkejì: kí awakọ̀ danfo tí reluwé bá gba ọ̀nà rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ sí iṣẹ́ ọkọ̀ kékeré tí yóò máa kó èrò láti inú àdúgbò lọ sí ibùdó reluwé. Reluwé kò lè wọ Ìdúmọ̀tà, kò lè wọ Òkè Àrín. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ gbé ìyá oníṣòwò àti ẹrù rẹ̀ dé Marina.

Ẹ̀kẹta: kí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba ṣí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ fún mẹkáníìkì àti rewáyà, ní èdè tí wọ́n gbọ́, kí wọ́n má sì béèrè ìwé ẹ̀rí girama kí wọ́n tó gbà wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti kíláàsì alẹ́ ló sọ wá di ènìyàn. A mọ̀ pé ó ṣeé ṣe.

Ẹ̀kẹrin: kí ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá gba àṣẹ lórí reluwé tàbí ọkọ̀ oníná fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn, owó ìfẹ̀yìntì, àti òmìnira láti wọ ẹgbẹ́. Kí èyí wà nínú àdéhùn ìjọba pẹ̀lú wọn, kí ó má jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ẹ̀karùn-ún: kí àkókò ọkọ̀ àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn bá ṣíìfù òṣìṣẹ́ mu. Kí owó rẹ̀ sì wà ní ibi tí apá wa ká. Nígbà tí Blue Line bẹ̀rẹ̀, náírà 750 ni owó láti Mile 2 dé Marina, ìjọba sì dín ìdajì rẹ̀ kúrò nígbà náà. Òṣìṣẹ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 26 lóṣù, kó ṣírò rẹ̀: iye kíkún rẹ̀ jẹ́ náírà 39,000. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin gbé kalẹ̀ ní 2024 jẹ́ náírà 70,000. Ẹni tí ìrìnnà bá gba ohun tó ju ìdajì owó rẹ̀, kí ni yóò jẹ, kí ni yóò fi rán ọmọ níwèé?

Ẹ̀kẹfà: kí ibùdó ṣáàjì wà ní gbangba, kí ó ní iná tirẹ̀, kí ó má sì gba iná lọ́wọ́ ilé àwọn ará àdúgbò.

IṢẸ́ TÓ KÙ FÚN OLÚKÚLÙKÙ

Ẹ̀yin ará, ìwé nìkan kò tó. Ọ̀pọ̀ ìwé wà nínú dúróà ní Alausa tí eruku bò. A fẹ́ kí gáréèjì kọ̀ọ̀kan àti fáktírì kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn méjì. Kí àwọn ará gáréèjì kọ iye awakọ̀, kọ̀ńdọ́ àti mẹkáníìkì tó wà lọ́dọ̀ wọn sílẹ̀, àti ọ̀nà tí wọ́n ń ná. Kí àwọn ará fáktírì kọ ibi tí òṣìṣẹ́ ń gbé sílẹ̀, aago tí wọ́n ń jí, àti iye tí wọ́n ń ná lórí ọkọ̀. Bí a bá gbé iye tí a kà fúnra wa dé iwájú ìjọba, wọn kò ní lè sọ pé ariwo lásán ni a ń pa. Kí àwọn orúkọ náà dé ọwọ́ akọ̀wé ẹ̀ka kí oṣù yìí tó parí.

Ẹ̀yin awakọ̀, èrò tó wà nínú ọkọ̀ yín jẹ́ òṣìṣẹ́ bíi tiyín. Ẹ̀yin ará fáktírì, ẹni tó ń gbé yín dé ibi iṣẹ́ láti ọdún pípẹ́ wá, ẹ má fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà nítorí ọkọ̀ tuntun dé. Reluwé tó dára, ọkọ̀ tí kò ní èéfín, àwa la fi owó orí wa rà á, ọmọ wa ni yóò mí afẹ́fẹ́ rẹ̀. A kò ní takò ó. Ṣùgbọ́n a kò ní jẹ́ kó gorí wa kọjá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. 

Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ ni agbára òṣìṣẹ́!